Ẹ̀rọ Ìyá Rodiat Nínú Ìmọ́lẹ̀

Ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Rodiat ni ọ̀tá kan ṣoṣo tí Ọládùnní ní ní Àgọ́ Palace. Òkè ṣọ́ọ̀bù ata náà gan-an ni yàrá tí òun àti Felix, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ti ń ṣèwádìí wà. Orí ṣíìpù, pátákó ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí kò tó èékánná, ni iṣẹ́ wọn: kírísítálì tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ìmọ́lẹ̀ á wọ inú rẹ̀, á há síbẹ̀, á máa ti kírísítálì náà títí táá fi máa gbọ̀n. Gbígbọ̀n yẹn náà á sì yí ìmọ́lẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Rodiat bá ti tan ẹ̀rọ, gbogbo ilé ló ń gbọ̀n, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn.

Ọládùnní ló ń fi kọ̀ǹpútà wọn gbígbọ̀n kírísítálì náà, òun náà ló sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ bẹ Ìyá Rodiat kó dúró díẹ̀. Felix kì í bá a lọ. Ó ní kí ni òun fẹ́ bá ẹni tó ń lọ ata sọ! Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà pọ̀, Ìyá Rodiat ò dáhùn ẹ̀bẹ̀. Ọládùnní fi ìkanra wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rọ ata ṣe ń hó, ìlà tó yẹ kó tẹ́jú lójú kọ̀ǹpútà sì yọ iké. Ó fi í sílẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ó gbàgbé ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Felix ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Bọ́ládé, Ọládùnní wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí Tẹ́ní, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi líǹkì kan ránṣẹ́ sórí fóònù: “Ọkọ ẹ ló ń sọ̀rọ̀ níbí o!”

Ọládùnní ṣí i. Felix ló wọ ẹ̀wù kóòtù lóòótọ́, níwájú àwọn onímọ̀ kárí ayé, nínú ìpàdé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ Ọládùnní ló ń fi hàn wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọládùnní wá orúkọ ara rẹ̀ títí, kò rí i.

“Ẹ wo ibi tó yọ iké yìí,” Felix wí. “Kírísítálì yìí ń ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Èmi nìkan ni mo ṣe é.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọládùnní tẹ bọ́tìnì pé òun ní ìbéèrè. Olóòtú ìpàdé náà ka orúkọ rẹ̀ sókè, ó bi Felix bóyá ó mọ̀ ọ́n.

Ojú Felix yẹ̀. “Rárá o, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ó dun Ọládùnní wọra. Ọkùnrin tí ìyá rẹ̀ ti ń pè ní ọkọ ọmọ mi!

“Dùnní o!” Ìyá Rodiat ké láti ìsàlẹ̀. “Ṣé kí n ṣì dúró fún ìwọ àti ọkọ ẹ? Ata ti pọ̀ nílẹ̀ o!”

“Ẹ tàn án, mà,” ni Ọládùnní dáhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn kírísítálì náà lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ẹ máa lọ ata yín.”

Ẹ̀rọ náà hó. Lójú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, ìlà yọ iké, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ fún lórí fóònù.