Títí di Ọjọ́ Ẹtì

Agolo mílíìkì kan ni mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo ká bébà sínú rẹ̀. Lórí bébà kọ̀ọ̀kan, mo kọ ọ̀nà kan tí àwọn èèyàn gbà ń wo ayé. Ẹni tó sọ pé ìgbádùn layé, ẹni tó sọ pé ojúṣe ni, ẹni tó sọ pé ayé kò nítumọ̀ rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mú ọ̀kan ti gbé e wọ̀ nìyẹn, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Kò gbọdọ̀ bọ́ ọ, kódà nílé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, mo máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá Agídí ni wọ́n ń pè mí, wọ́n rò pé n kò mọ̀.

Ọmọ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín ló mú èyí tó ní, "Ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ, má sunkún lé e lórí." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ọmọ yẹn kì í pa nǹkan mọ́ra. Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín náà ló ń sunkún.

Ní Ọjọ́rú, ó pẹ́ dé. Píìnì ló yí ìṣẹ́tí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ká, wọn kò tíì rán an. Inú bí mi.

"Ṣé ìyá ẹ tó jẹ́ télọ̀ ò rí èyí ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Wọn ò ráyè parí ẹ̀ ni."

"Bọ́ síwájú, wá sọ̀rọ̀ lórí bébà tìẹ."

Ó ní ẹkún kì í dá ẹni tó lọ padà. Ó ní ọwọ́ tó ránṣọ lánàá lè má sí lónìí, ká sáà wọ aṣọ náà. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo fún un ní mọ́kàndínlógún nínú ogún, èmi tí n kì í fún ẹnikẹ́ni ju mẹ́rìndínlógún lọ.

Nígbà tí ilé-ìwé tú tí àwọn ọmọ ti lọ, mo bá bàbá rẹ̀ tó jẹ́ kápẹ́ńtà lẹ́nu géètì.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọ mi wá síbí? Ìyá ẹ̀ kú láàárọ̀ àná. Kò jẹun, kò sunkún. Ó ní iṣẹ́ yín lòun ń ṣe."

Mo tẹ̀ lé e délé. Ọmọ náà ti dé ṣáájú wa, ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, òwú ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ ti parí, ọmọ mi. Sunkún."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé ó di Ẹtì, mà."

"Èmi náà ni mo ní ó ti parí."

Ó mi orí. Ni mo bá kúnlẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́ kan lórí tábìlì, mo ń yọ píìnì lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń rán ìṣẹ́tí náà. N kò mọ aṣọ rán, ó rí wúruwùru. Nígbà tó ku píìnì kan ṣoṣo, ó fọwọ́ bò ó.

"Ẹ má yọ ìyẹn, mà. Àwọn ni wọ́n fi síbẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ wá là, igbe sì jáde. "Màámi o!" Bàbá rẹ̀ sáré wọlé. Mo gbá a mọ́ra, èmi náà ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Mọ́kàndínlógún yẹn ṣì wà nínú ìwé máàkì mi títí dòní.