Mọ́tò Tí Kò Ní Rìfáàsì

"Kai! Oga, koma baya!"

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ Márúwá kan fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó tún kígbe pé kí Akínlabí fà sẹ́yìn. Akínlabí kò mira. Ó di sítíárì mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ọ̀nà tóóró kan ni wọ́n wà ní Durumi l'Ábújà, láàárín ògiri méjì, imú mọ́tò rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹni tó ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ ti tò sẹ́yìn onítọ̀hún, kò ríbi fà sí. Ẹ̀yìn Akínlabí nìkan ló ṣófo.

Ṣùgbọ́n rìfáàsì mọ́tò rẹ̀ ti kú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nígboro. Ibi tó bá ti lè gba iwájú jáde nìkan ló ń gbé e sí.

"Daddy, wọ́n máa ti géètì o," Hadassah ọmọ rẹ̀ wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdánwò JAMB ló ń lọ ṣe. Ẹni tó bá pẹ́, ó di ọdún tó ń bọ̀. "Please, ẹ ṣáà sọ fún wọn pé rìfáàsì ò ṣiṣẹ́."

"Pa ẹnu ẹ dé."

Ì bá sọ ọ́, ká ní ẹlòmíràn ló wà nínú mọ́tò iwájú yẹn. Àjíṣafẹ́ ni, tó ń tún jíà ṣe ní Apo, tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà. Lọ́jọ́ tí Akínlabí gbé mọ́tò tòkunbọ̀ yìí lọ fún àdúrà, tí pásítọ̀ ń ta òróró sí ẹ́ńjìnì, ọkùnrin yìí ló fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn epo jíà yọ, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì wí níwájú gbogbo ìjọ pé, "Epo yìí ti jóná. Ẹ dá mọ́tò yìí padà fún ẹni tó tà á." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Akínlabí kò kí i mọ́. Nígbà tí mọ́tò ń ké ramúramù tí kò sáré, ó ń wà á lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí epo pupa ń kán sílẹ̀ láràárọ̀, ó ń bu yẹ̀pẹ̀ bò ó kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i. Kàkà kí ó gbé e lọ sí Apo kí Àjíṣafẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, kí mọ́tò náà kúkú jóná.

Àjíṣafẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó wá kan gíláàsì. "Baba Hadassah, ṣé kò síṣòro?"

"Ìwọ lo ni ọ̀nà ni?" Akínlabí jágbe mọ́ ọn. "Kúrò níwájú mi!"

Àjíṣafẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ mọ́tò, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó gbé e sí imú. Akínlabí mọ ohun tó ń bọ̀. *Mo wí fún yín àbí mi ò wí?* Ó ti ní èsì rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, èsì tí yóò dun ọkùnrin náà wọ egungun.

"Oga, wetin do the car?" ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà pariwo.

Àjíṣafẹ́ nu ìka sára ṣòkòtò. "Nothing do am. Na me tell am make e wait. Come, help me push."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti bónẹ́ẹ̀tì. "Ẹ yọ jíà, bàbá."

Wọ́n tì í. Ojú Àjíṣafẹ́ kò ju gígùn apá kan lọ sí tirẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, kò sì wò ó rárá. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó fẹ̀, Àjíṣafẹ́ padà lọ wa mọ́tò tirẹ̀ kọjá, ó juwọ́ sí Hadassah, àwọn kẹ̀kẹ́ sì tẹ̀lé e. Akínlabí fi mọ́tò sí jíà. Ó ké, kò lọ; ó tún ké, ó ta gìrì, ó lọ.

Wọ́n ti ń ti géètì nígbà tí wọ́n dé ibi ìdánwò. Hadassah sáré, ó sì wọlé.

Akínlabí jókòó sínú mọ́tò létí títì, inú ṣì ń bí i. Ó tún èsì tó ti tọ́jú náà wí jẹ́ẹ́. Kò bá ohun tí ẹnikẹ́ni sọ mu.

Ó mú àkísà, ó sọ̀kalẹ̀. Ó nu gíláàsì, ó nu iná, ó nu ilẹ̀kùn kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ bó ọ̀dà ara mọ́tò. Nígbà tí ó kan bónẹ́ẹ̀tì, ó rí àmì àtẹ́lẹwọ́ méjì nínú eruku, ìka fífẹ̀ mẹ́wàá.

Ó dúró wò wọ́n. Lẹ́yìn náà, ó ká àkísà náà, ó jù ú sórí ìjókòó ẹ̀yìn.