Ajá Tí Akíntẹ̀lú Sọ Lórúkọ

Òkun ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ti kúrò nílùú, nígbà tí Adétutù dé etíkun Èbúté-Ìdẹ̀ra. Iyanrìn tó fi sílẹ̀ mọ́ tónítóní. Òkun tiẹ̀ fi ìgbálẹ̀ ti ara ọkọ̀ ìpẹja kan. Ìyẹn ò jọ Adétutù lójú. Ajá tó sọnù ló ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ajá yìí fún yín, torí òun gan-an lọ̀rọ̀. Akíntẹ̀lú, ọkọ Adétutù, ló gbé e wálé lọ́mọ kékeré, tó sọ ọ́ ní Wọ́n-Rò-Pé-N-Ò-Gbọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí a ò fẹ́ kò lójú la fi orúkọ ajá ń bá wí. Tí a bá ti ń pè é láàárọ̀, tí a tún ń pè é lálẹ́, onítọ̀hún á mọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Akíntẹ̀lú ò sọ ẹni tó ń bá wí títí tó fi kú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ku díẹ̀ kí ajá ọ̀hún wọlé ni Adétutù dúró nídìí ààrò ẹja, tó sọ fún Ìbídùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ká ní òun mọ̀ ni, àbúrò Akíntẹ̀lú lòun ì bá fẹ́, ẹni tí ẹja ń bọ̀wọ̀ fún. Akíntẹ̀lú ń sùn nínú ilé nígbà náà. Ó ń hanrun pàápàá. Àbí kò sùn? Ohun tó ń jẹ obìnrin yìí lọ́kàn nìyẹn, kò sì rẹ́ni bi.

Ó gun orí afárá pákó tó so àwọn ilé pọ̀, ó pe ajá náà lórúkọ, gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Ilé àkọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Ilé náà fúnra rẹ̀ ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni inú ẹ̀.

"Èmi kọ́ o, ìyàwó," ló wí. "Òjò ni mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Mi ò dárúkọ ọkọ ẹ."

Adétutù dúpẹ́, ó kọjá. Afárá ń ká ara rẹ̀ bí ẹní lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún pe ajá. Àwọ̀n kan tí wọ́n sá sórí òrùlé sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, màmá, ẹ wo ihò ara mi. Ọ̀rọ̀ ta ló lè dúró nínú mi?"

Ó rí i pé òótọ́ ni. Ó yà sínú ṣọ́ọ̀ṣì láti wo abẹ́ àwọn bẹ́ǹṣì, ṣùgbọ́n ilé ìdáná tirẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ẹja ṣáwá wà lórí ààrò, èéfín ń lọ sókè jẹ́jẹ́, Ìbídùn sì jókòó tì í, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

"Tutù, ajá lo ṣì ń wá kiri? Ajá tó gbọ́n jù ẹ́ lọ."

"Ìbídùn, ìwọ lo sọ fún un, àbí?"

"Èmi kẹ̀? Ẹja ló wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Bi àwọn tó wà níbẹ̀."

Ìbídùn fi àgbọ̀n júwe orí ààrò. Adétutù wo àwọn ẹja. Gbogbo wọn yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó yí wọn.

Adétutù gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ọ̀nà náà sì gbé e lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí omi máa ń jìn jù. Àwọn tí òkun ti gbé lọ láti ìgbà pípẹ́ jókòó níbẹ̀, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Wọ́n kí i pé ẹ kú ìrìn. Akíntẹ̀lú wà láàárín wọn lórí ọkọ̀ tó dojú dé, nínú ẹ̀wù tí wọ́n fi sin ín. Ó ti ká apá ẹ̀wù náà sókè, torí iṣẹ́. Ajá sùn sí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tutù, o jàjà dé."

Adétutù kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, bàbá Fọlá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Ajá yìí, ta lẹ fi ń bú?"

"Mi ò mọ̀," ni Akíntẹ̀lú wí. Ó ń fa òwú àwọ̀n já pẹ̀lú eyín. "Ohùn ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn ilé, èéfín ò jẹ́ kí n rí ojú. Mo ní kí n máa pe orúkọ náà. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè mi, òun náà ni."

"Ṣé ẹnì kankan ti jẹ́ ìpè yín?"

"Ajá nìkan."

Ó gbé àwọ̀n kalẹ̀, ó pe orúkọ náà, pẹ̀lẹ́, bó ṣe máa ń pè é tí oúnjẹ bá délẹ̀. Ajá ò mira. Àwọn òkú dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Ẹnì kan dáhùn pé, "Ẹ́ẹ̀n."

Adétutù wẹ̀yìn wo ẹni náà. Kò sẹ́nì kankan. Ẹnu Adétutù fúnra rẹ̀ ló ṣì là sílẹ̀. Nígbà tó máa wo ilẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú iyanrìn, ó ti ń fi tọwọ́ tẹsẹ̀ rìn lọ bá ọkọ rẹ̀, kò sì lè dúró.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń pè ẹ́," ni Akíntẹ̀lú wí.

Ajá gbójú sókè, ó wo Adétutù dáadáa. Ó sún díẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ fún un.