Jákẹ́ẹ̀tì Bàbá Krause

Ojú èmi àti ọkùnrin kan ṣe mẹ́rin láàárín èrò. Mo wà lórí àkàbà, mo ń so aṣọ́komásùn, ère koríko tí ilé ìtọ́jú arúgbó wa wọ̀ láṣọ fún ìdíje, mọ́ òpó. Òun dúró lẹ́yìn àwọn ìyá tó ń ya fọ́tò ọmọ wọn, ó ga, irun rẹ̀ pupa bí ewé tó ń já sílẹ̀ káàkiri ọgbà ìgbafẹ́. Nínú àwọn ìwé ìfẹ́ tí mo máa ń kà, àyà mi ì bá já. Ṣùgbọ́n láti ìdájí ni mo ti ń gbé arúgbó dìde, tí mo ń gbé wọn jókòó. Ìbàdí mi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Bettina, arákùnrin kan ń wò ọ́ bí ẹni tí ebi ń pa," ni Àǹtí Marlys tó di àkàbà mú wí. "Rẹ́rìn-ín sí i! Àbí ìwọ náà ti di koríko?"

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Oorun ni ọkọ tí mo ń wá."

Òun kò tilẹ̀ wò mí mọ́. Ó la èrò kọjá, ó yí kọ́là jákẹ́ẹ̀tì aṣọ́komásùn náà padà, ó sì ka orúkọ tí a fi yíǹkì kọ síbẹ̀, bí a ti ń kọ ọ́ sí aṣọ gbogbo arúgbó wa kí aṣọ wọn má bàa dàrú mọ́ra níbi ìfọṣọ: O. KRAUSE.

"Ta ló wọ aṣọ bàbá mi fún koríko?"

Òfin ìdíje ni pé aṣọ tí ènìyàn ti wọ̀ gbó ni kí a lò. Lọ́dọọdún, aṣọ òkú tí ẹnikẹ́ni kò wá gbà la máa ń mú. Kò sí ẹni tó bi wá rí, nítorí kò sí ẹni tó ń wá.

Bàbá mi, ó ní. Ọmọ tó ni lẹ́tà tí bàbá náà fi sílẹ̀, tó ṣì wà nínú báàgì mi, rèé.

"Ẹ má bínú," ni mo wí, mo sọ̀kalẹ̀. "A dúró dè yín fún ọdún kan ó lé."

"Bọ̀dá, ẹ yà lójú fọ́tò wa jọ̀ọ́!" obìnrin kan kígbe. "Ẹ̀yin kọ́ la fẹ́ dìbò fún!"

Ó yà, ó jókòó sórí ìdì koríko bí ẹni tí wọ́n jù sílẹ̀.

"Wendell lorúkọ mi. Ó dárúkọ mi rí? Ẹ ṣáà sọ ohun kan fún mi."

Irọ́ kékeré kan péré ló lè tù ú nínú: pé bàbá rẹ̀ sunkún rẹ̀ kó tó kú. Bí ìwé tí mo fẹ́ràn ti máa ń parí nìyẹn. Àǹtí Marlys tilẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi pé kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ló kọ lẹ́tà náà, nítorí ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá a padà pé ẹni náà ti kó lọ. Èébú ló kún ojú ìwé náà, lórí oko tí ọmọ fi sílẹ̀ fún un láti dá ro. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ní kó wá mú òun lọ sílé. Mo bi í bóyá kí n fi kún un pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kí n gbájú mọ́ ohun tí òun ń sọ.

Ó rẹ̀ mí. Irọ́ náà pàápàá wúwo jù fún mi láti gbé.

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dùn," ni mo wí.

"Kò dùn rí," Wendell fèsì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Mo ṣí báàgì. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ti bo ojú àpòòwé náà, etí rẹ̀ sì ti wó. Mo fi lé e lọ́wọ́.