Mẹ́rin Nínú Mẹ́wàá

Nígbà tí Dókítà Ajíbádé jáde láti yàrá iṣẹ́ abẹ, táàsì ti ń dúró lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn wọn ní Iléṣà. Mùstàfá ló gbé e wá láti Òṣogbo, kò sì jẹ́ kí awakọ̀ pa ẹ́ńjìnì. Àbúrò rẹ̀, Mùtàlíbù, télọ̀ Òkè-Fìà ní Òṣogbo, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti dá ìfun rẹ̀ lu, àgbo ni wọ́n sì ń fún un mu nílé títí ikùn rẹ̀ fi le bí pákó.

"Dókítà, òótọ́ ni mo fẹ́," ni Mùstàfá wí. "Ṣé yóò yè?"

"Bí ẹni mẹ́wàá bá pẹ́ tó báyìí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, mẹ́fà ló máa ń kú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mẹ́rin á dìde."

"Ta ni àwọn mẹ́rin náà?"

"N kò mọ̀."

Mùstàfá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dùn. "Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà òṣómàáló! Ẹ̀mí ènìyàn lẹ tún ń ná bí ẹni ń ná aṣọ. Ó dáa. Ẹ bá wa gbé e sínú mọ́tò. Bí yóò bá kú, kó kú ní agbo ilé baba rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń ṣe nígbà náà. Ẹni tó ṣì ń mí ni wọ́n ń gbé lọ, torí awakọ̀ kì í fẹ́ gbé òkú. Dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò purọ́ fún wọn.

Àdíját, ìyàwó Mùtàlíbù, kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí a bá gbé e lọ ńkọ́? Mélòó ló máa dìde nínú mẹ́wàá?"

"Kò sí. Omi tí à ń fà sí i lára ló gbé e ró."

Obìnrin náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. "Bàbá wa, ẹ má bínú sí mi. Ọmọ mélòó ni Ìyá bí?"

"Ìyàwó, kí ló kan ìyẹn?"

"Mẹ́sàn-án ni. Mélòó ló kù? Nígbà tí ilẹ̀ẹ́gbóná mú yín, tí Ìyá ti sin púpọ̀ nínú wọn, ṣé wọ́n gbé yín lọ sí itẹ́ òkú kí ẹ lọ dúró de ikú níbẹ̀?"

 Mùstàfá rìn lọ bá awakọ̀, ó ní kó máa lọ. Lẹ́yìn náà ó ṣe àlùwàlá lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ó kírun, ó sì wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àdíját.

Mùtàlíbù la ojú. Ó tilẹ̀ bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù òun. Ṣùgbọ́n ibà náà padà dé, ọ̀sẹ̀ náà kò sì tíì parí tó fi kú.

Iléṣà ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ àwọn Mùsùlùmí. Mùstàfá fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹbí tó ti Òṣogbo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá Àdíját wí, pé òun ló mú kí ọkọ rẹ̀ sùn sílẹ̀ onílẹ̀.

Mùstàfá gbọn erùpẹ̀ kúrò lọ́wọ́. "Ẹ dákẹ́. Ilẹ̀ Ọlọ́hun ni. Mùtàlíbù bọ́ sáàárín àwọn mẹ́fà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa la tì í síbẹ̀."