Bí O Kò Bá Rí Mi Nínú Dígí, Dúró

Àdúrà kan náà ni ìyá Èyítáyọ̀ máa ń gbà fún un ní òròòwúrọ̀ nígbà tó wà ní kékeré ní Iléṣà. Á fi ọwọ́ lé e lórí, á ní: "Iwájú iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ọmọ Owá, ọmọ Ẹkùn, o ò ní fi ẹ̀yìn rìn láyé." Ọmọbìnrin náà á ṣe àmín tagbáratagbára. Ta ló mọ̀ pé nígbà tó bá di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn gan-an ni oúnjẹ rẹ̀ máa wà?

Iwájú kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ọdún mẹ́fà ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Òṣogbo kí wọ́n tó ti ilé ìwé náà pa. Oṣù mẹ́jọ ló fi jókòó sílé. Nígbà tí Alhaja Ṣùkúrátù, oníṣòwò kòkó, ní kó wá kọ́ lọ́rì onítáyà mẹ́wàá òun, ọjọ́ kẹta ló ti ń wà á lójú títì bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Àmọ́ kí ó fi ẹ̀yìn wọ ibì kan, kí ó sì dúró síbẹ̀ gbọnrangandan, ìyẹn ni kò rọgbọ.

Bàbá Béjidé, awakọ̀ àgbà tó ń kọ́ ọ, to kẹ́ẹ̀gì òfìfo méjì sórí pápá kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó ní òpó géètì nìyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Èyítáyọ̀ tẹ kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá fọ́.

"Táyọ̀, ṣé ìwọ àti kẹ́ẹ̀gì jọ ní ìjà ìdílé ni?" Bàbá Béjidé á bi í. "Má wo imú ọkọ̀, ìdí rẹ̀ ni kí o máa wò. Ibi tí o bá fẹ́ kí ìdí lọ ni kí o yí ọwọ́ sí, díẹ̀díẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Lọ́rì tí kò mọ ẹ̀yìn kò níbi tí yóò sùn."

Òfin kan wà tí kì í fi ṣàwàdà. Òun fúnra rẹ̀ á dúró lẹ́yìn ọkọ̀, á pariwo: "Bí o kò bá rí mi nínú dígí, dúró! Bí ọba aládé ni ó ní kí o máa bọ̀, dúró!"

Ojú Bàbá Béjidé ti ń ṣe bàìbàì, ìdí nìyẹn tí Alhaja fi ń wá awakọ̀. Obìnrin náà kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Ọjọ́bọ̀ la máa lọ kó kòkó ní Iléṣà. Bí lọ́rì bá fi ẹ̀yìn wọ ọgbà ìkẹ́rù láì fara kan òpó géètì, ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́. Bó bá fara kàn án, Bándélé ti ń dúró dè mí ní Ọjà Ọba. Ọdún mẹ́sàn-án lòun ti ń wa tírélà."

Ọjọ́bọ̀ pé. Òpópónà tí ọgbà náà wà da gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sí ẹnu géètì, òpó méjì sì dúró níbẹ̀ tí wọn kò fi àyè sílẹ̀ ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ lọ́tùn-ún àti lósì. Kí ìdí ọkọ̀ lè kọjú sí géètì, Èyítáyọ̀ ní láti dábùú ọ̀nà. Kíá, ọkọ̀ ti tò lọ́wọ́ òkè, ó tò nísàlẹ̀, fèrè ń dún lákọlákọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ọkùnrin bá yín wà á wọlé!" Ọlọ́kadà kan ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Àbí ká wá bá yín gbé e ni?" Ẹnìkejì rẹ̀ gbè é.

Bàbá Béjidé jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. "Má wò mí. Alhaja ti ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀."

Nínú dígí òsì, Abdullateef gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Agbẹ́rù Alhaja ni, ó ga, ó nírùngbọ̀n, kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó gbéyàwó. Òun ni ojú Èyítáyọ̀ lẹ́yìn lónìí. Ó ń fọwọ́ pè é: máa bọ̀, máa bọ̀.

Èyítáyọ̀ gbàdúrà sínú. Olúwa, ìyá mi ti bẹ̀ ọ́ pé n kò ní fi ẹ̀yìn rìn. Jọ̀ọ́, yọ ti òní kúrò níbẹ̀.

Ó ki jíà bọ ẹ̀yìn. Lọ́rì gbọ̀n rìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: ó wo dígí òsì, ó wo tọ̀tún, ó padà sí tòsì. Abdullateef ní kó yí ọwọ́ díẹ̀. Ó yí i. Ìdí ọkọ̀ dojú kọ àárín òpó gẹ́lẹ́, ó ku díẹ̀ kó wọlé. Òógùn ń ṣàn wọ̀ ọ́ lójú, kò jẹ́ nu ún.

Ó tún wo tòsì. Òpó wà níbẹ̀. Ògiri wà níbẹ̀. Abdullateef kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀.

"Kí ló dé?" Alhaja, tó wà lójú títì níwájú tó ń bẹ àwọn ọlọ́kọ̀, sáré wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. "Máa bọ̀! O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé!"

"Ẹ máà bínú, mà. Mi ò rí Abdullateef."

"Ibo ló máa lọ? Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà! Máa bọ̀, o ò gbọ́ fèrè ni?" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀kùn. "Èyítáyọ̀! Ta ló lọkọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ta ló ní kí o máa bọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa, kí lo ń dúró dè?"

Ẹsẹ̀ Èyítáyọ̀ wà lórí bíréèkì. Bó bá gbé e díẹ̀ báyìí, gẹ̀ẹ́rẹ́ ilẹ̀ nìkan yóò gbé ọkọ̀ wọlé fún un. Wọn kò kọ́ ọ nílé kí àgbà sọ̀rọ̀ kí ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ṣíjú wo Bàbá Béjidé. Bàbá ń wo iwájú.

Èyítáyọ̀ fa bíréèkì ọwọ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án gba ojú fèrèsé.

"Ẹ dákun, mà. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Bí Bándélé bá máa wà á wọlé láì rí ẹni tó wà lẹ́yìn, kí ó wá wà á."

Alhaja gba kọ́kọ́rọ́, ó la ẹnu láti bú u. Àmọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì ti dákẹ́, ohùn kan sì ń jáde láti ìdí ọkọ̀, láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀:

"…a dúpẹ́, sà. Ara ìyá ńkọ́, sà? Oko ńkọ́? Ẹ kú ìnáwó ọjọ́sí o, sà."

Gbogbo wọn sáré lọ sẹ́yìn. Abdullateef nà gbalaja sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Àna rẹ̀, Bàbá Adédìran, àgbẹ̀ kòkó láti ìhà Ìpẹ̀rìndó, ló gba ẹ̀gbẹ́ ògiri jáde láti inú ọgbà pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ta ni yóò rí bàbá ìyàwó rẹ̀ tí yóò dúró kí i bí igi? Bàbá náà kò sì tíì súre tán. Ta ni yóò dìde kí àna tó ní kó dìde?

"…wàá ṣe é re o. Ìyàwó rẹ á bí tibi-tire. Dìde, ọmọ mi."

Láti gìgísẹ̀ Abdullateef dé táyà kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ.

Ọlọ́kadà tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè rẹ̀. Alhaja gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Lá ìláhà illallá," ó sì fara ti ògiri.

Nígbà tí Èyítáyọ̀ àti Bàbá Béjidé ti padà gun ọkọ̀, Alhaja wá síwájú, ó na kọ́kọ́rọ́ sókè sí i. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí. "Gbà. Òpó ṣì wà níbẹ̀ o."

"Mo rí i, mà." Èyítáyọ̀ yọ orí sí àna Abdullateef. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ sí òdìkejì títì. Abdullateef! O ò gbọ́dọ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́ títí ọkọ̀ fi máa dúró. Bí ọba bá ń kọjá, dúró bí òpó!"

Bàbá Adédìran rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, mo ti gba ìkíni ti ọdún kan sílẹ̀. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ó ki jíà bọ ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kejì. Fèrè kankan kò dún. Abdullateef dúró nínú dígí, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Òpó òsì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó súnmọ́ ọn débi pé Èyítáyọ̀ rí ibi tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀. Tọ̀tún kọjá. Abdullateef na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì: dúró. Ó dúró.

Lójú títì, Alhaja ti gbé fóònù sétí. "Bándélé? Má wulẹ̀ dúró mọ́."

Èyítáyọ̀ yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Bàbá Béjidé, bó ṣe máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo lórí pápá. Bàbá wò ó, ó ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ abẹ́ apá, kò gbà á.