Ẹ Má Sọ "A Dúpẹ́" Fún Mi

Ẹ̀rù Ìyá Abẹ́rẹ́ ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n ti tètè sọ ọ́. Aránṣọ ni, yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi lórí òkè, a sì jọ ti ń gbé ilé yìí láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú. Wọ́n máa ń ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tó pa òwe yẹn ti ní láti bá obìnrin yìí pàdé rí.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe èmi. Kì í ṣe pé mo ní sùúrù o! Ọkọ̀ èrò ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń wà á jẹ́jẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi sọ mí bẹ́ẹ̀. Inú mi ń yára bí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó lọ gbé alùpùpù sójú àtẹ̀gùn wa. Ẹnì kẹta wa ni Tíṣà, tó ń gbé nísàlẹ̀, tí etí rẹ̀ ti di díẹ̀. Àwọn ọmọ wa ti fọ́n ká, olúkúlùkù wa ló sì ń dá gbé.

Ibà kan ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó dá mi dùbúlẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ á kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, á ní, "Ṣé ẹ jí ire?" Màá ti orí ibùsùn dáhùn pé, "A dúpẹ́." Tíṣà á pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ara ńkọ́?" Màá ní, "A dúpẹ́." Nígbà tí wọ́n fi máa rí mi, gbígbé ni wọ́n gbé mi dé ọsibítù. Ọjọ́ tí mo padà dé, obìnrin yìí dúró sí iwájú mi, ó fọwọ́ méjèèjì kọ́ ìbàdí.

"Bàbá Jẹ́jẹ́, ibà fẹ́ẹ̀ pa yín, ẹ ní ẹ ń dúpẹ́. Lọ́wọ́ ta lẹ ń dúpẹ́? Ṣé lọ́wọ́ ibà ni?"

"Kí ni kí n wá sọ? Ṣé kí n máa ké bí ọmọ ọwọ́ ni?"

"Ẹ sọ ibi tó ń dùn yín! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ 'a dúpẹ́' lórí àtẹ̀gùn yìí mọ́. Ọlọ́run ni kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi, òótọ́ ni kẹ́ ẹ máa sọ fún mi."

Bó ṣe di òfin nìyẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí á kan ilẹ̀kùn ẹnì kejì, olúkúlùkù á sì sọ bó ṣe wà. Ẹ wá gbọ́ Tíṣà láàárọ̀! Nítorí pé kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ mọ́, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀ bóyá ó ti ya ìgbẹ́ tàbí kò tíì yà á. Àwọn ọ̀dọ́ ilé wa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kí wọ́n máa rín in lọ, àwọn náà ń bọ̀ níbẹ̀.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ò fi mọ síbẹ̀ o. Ó wọ yàrá mi, ó ká ẹní tó máa ń kọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ní kí n má wulẹ̀ béèrè rẹ̀. Ó ní kí káfíńtà kan igi ìdìmú mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, ó wá so aṣọ pupa mọ́ ọn níbi tí àtẹ̀gùn ìkẹyìn wà, kí ọwọ́ lè mọ̀ kí ẹsẹ̀ tó mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, á kó wa jáde ká rìn dé ìpẹ̀kun àdúgbò ká tó padà. Mo máa ń ráhùn lọ, màá ráhùn bọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún mi mọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ. Ọjọ́ tó bá mi lórí àga, tí mo fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù, háà! Ó ní, "Bàbá Jẹ́jẹ́, ìdí ni wọ́n ṣe àga fún, wọn ò ṣe é fún ẹsẹ̀." Mo sọ̀ kalẹ̀.

Àfi bí ọmọ rẹ̀ ṣe pè é lórí fóònù. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ni, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì nílùú tó jìn. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá kó ìyá òun lọ sílé òun, pé ó ti dàgbà jù lẹ́ni tó ń dá gbé. Bó bá ṣubú ńkọ́?

"Bó bá gbọ́ pé mo kọsẹ̀ lásán, ó parí," Ìyá Abẹ́rẹ́ sọ fún wa. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Ta ni mo mọ̀ lọ́hùn-ún? Ṣé ògiri ni kí n máa kí láàárọ̀?"

Mi ò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀ rí àfi ọjọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ egungun, ojú ò tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Bó bá lọ, ta ni yóò máa bú mi tí ara mi yóò fi máa yá?

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ìyá Abẹ́rẹ́, ṣé ẹ jí ire?"

Ohùn tó jáde wá tutù bíi ti ìyàwó tuntun. "A dúpẹ́, Bàbá."

Obìnrin tó ṣòfin! "Kí lẹ wí?"

"Mo ní a dúpẹ́. Ẹ máa lọ, mò ń sinmi ni."

Sinmi kẹ̀? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi bí tèmi ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pariwo pe Tíṣà, a ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀ ni a bá a, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Àga ti dojú dé, bọ́tìnì fọ́n ká gbogbo yàrá. Agolo bọ́tìnì ló fẹ́ gbé lórí kọ́bọ́ọ̀dù, nítorí ó kù bọ́tìnì kan lára ṣẹ́ẹ̀tì tó rán de ọmọ rẹ̀.

"Ẹ gun àga!" Mo figbe ta. "Ẹ̀yin! Ẹ gun àga, ẹ tún ní a dúpẹ́!"

"Ẹ má pariwo, ẹ jọ̀ọ́."

Mo pariwo dáadáa. Tíṣà ló ní ká má fà á dìde, ó lọ pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé lójúlé kejì, a sì jọ gbé e lọ sí ọsibítù. Egungun ò ṣẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ló wú, wọ́n fi báńdéèjì dì í. Nígbà tí a padà délé, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ bá mi bò ó lójú ọmọ yẹn."

"Mi ò ní fẹnu ara mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá bi mí, mi ò mọ irọ́ pa mọ́. Ẹ̀yin lẹ bà mí jẹ́."

Ọmọ náà dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú báàgì ńlá tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ti da aṣọ bo ẹsẹ̀.

"Màmá, ara yín ńkọ́?"

Ó la ẹnu. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà létè rẹ̀. Ó wò mí, ó wo Tíṣà. Èmi gbójú sókè, mò ń wo àjà. Ló bá ká aṣọ náà kúrò lẹ́sẹ̀.

"Mo gun àga lánàá, mo ṣubú. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò ṣẹ́. Àwọn tó o rí yìí ló gbé mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán."

"Ẹ ò rí i! Ohun tí mò ń sọ nìyí!" Ó ti ṣí báàgì, ó ti ń ká aṣọ rẹ̀ sí i. Inú bí mi, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n dákẹ́.

"Ìwọ ńkọ́, ọmọ mi? Ara tìẹ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Màmá."

Àní Tíṣà tí kì í gbọ́ nǹkan, ó gbọ́ ìyẹn.

"A kì í sọ bẹ́ẹ̀ nílé yìí," ni mo wí.

Ó rò pé mò ń ṣeré ni, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó tún bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ara ẹ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà jókòó sétí ibùsùn, búláòsì ìyá rẹ̀ kan ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò rí oorun sùn, Màmá. Àwọn ọmọ ti ń gbé níléèwé, iṣẹ́ ti gbé ìyá wọn lọ sọ́nà jíjìn, èmi nìkan ló kù. Mo ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo pẹ́ nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí mo dìde, mo lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ara ńkọ́, mo ní a dúpẹ́."

Omijé bọ́ lójú mi, ẹni tó bá fẹ́ kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Abẹ́rẹ́ fà á mọ́ra, ó gbé orí rẹ̀ lé itan, ọkùnrin tí irun funfun ti ń yọ lórí rẹ̀. Ó ní, "O ò bá ti sọ fún mi."

Ìyá rẹ̀ ò bá a lọ mọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó rán dè é ni báàgì náà gbé padà, bọ́tìnì rẹ̀ kan ò bá ìyókù mu. Láti ìgbà náà, ìpè fóònù ọmọ náà ti di ẹnì kẹrin wa lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀. Ó máa ń gbàgbé lákọ̀ọ́kọ́, á ní a dúpẹ́, a ó sì jọ figbe bò ó.

Láàárọ̀ àná, ó ní, "Ọrùn ń dùn mí díẹ̀, mo ti jẹun. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn mi lónìí, aládùúgbò mi, bàbá àgbàlagbà kan. Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ kí i lánàá. Ó ní òun wá wò ó bóyá mo jí ire."

"Kí lo dá a lóhùn?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Mo ní ọrùn ń dùn mí."

Ìyá Abẹ́rẹ́ di igi àtẹ̀gùn mú, níbi tó so aṣọ pupa mọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "A dúpẹ́ o."

A ò bá a wí.